Oṣù Mẹ́ta Tí Àwọn Onítọ̀ọ́jú Ìdẹ̀rùn Fi Wọlé Wa

Nígbà tí jẹjẹrẹ ọmú màmá wa ti dé eegun ẹ̀yìn wọn, dókítà tó wà ní ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ lò sọ fún wa pé kò sí ohun tí òun tún lè ṣe, kí a máa gbé wọn lọ sílé. Kò júwe ibòmíràn fún wa, kò sì fún wa ní oògùn ìrora tó ju parasítámọ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni màmá fi ń kérora mọ́jú nílé wa ní Ìbàdàn, kí ojúlùmọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kan tó sọ fún wa nípa àwọn tó ń ṣe ìtọ́jú ìdẹ̀rùn, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní palliative care, tí wọ́n máa ń bá aláìsàn nínú ilé rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi wọlé wa. Ohun tí mo rí ni mo ń kọ yìí, torí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ṣì ń dùn mí dòní.

Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ dé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó na ọwọ́ rẹ̀, ó ní: “Màmá, tí ẹ bá di ẹ̀ṣẹ́ báyìí, kò sí ìrora rárá nìyẹn. Tí ẹ bá na gbogbo ìka, a jẹ́ pé ìrora náà ti kọjá àfaradà. Ìka mélòó ni tòní?” Màmá na márààrún. Ní ọjọ́ kẹrin tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo mọ́fíìnì olómi, oògùn ìrora tó lágbára gan-an, méjì ni wọ́n nà, wọ́n sì béèrè àmàlà.

Ọ̀rọ̀ mọ́fíìnì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹbí. Àbúrò màmá ọkùnrin sọ pé oògùn tí wọ́n fi ń sin èèyàn lọ sọ́run ni. Dókítà àwọn onítọ̀ọ́jú náà fi sùúrù ṣàlàyé fún wọn pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi kún un títí yóò fi ká ìrora, àti pé bí a bá lò ó bẹ́ẹ̀, kì í pa aláìsàn. Ní 1986 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, gbé ìlànà oògùn ìrora fún aláìsàn jẹjẹrẹ jáde, tí wọ́n fi wé àtẹ̀gùn: orí àtẹ̀gùn kìíní ni parasítámọ̀ wà, mọ́fíìnì wà lókè pátápátá. Orí àtẹ̀gùn kìíní yẹn ni wọ́n fi màmá wa sílẹ̀ sí.

Wákàtí mẹ́rin mẹ́rin ni a ń fa mọ́fíìnì náà sínú sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́, tí a ń rọra fi sí wọn lẹ́nu, a kì í sì í dúró kí ìrora padà dé. Ó máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ le, nítorí náà oògùn ìyàgbẹ́ gbọ́dọ̀ bá a rìn. Ọjọ́ méjì péré ni a gbàgbé rẹ̀, ojú màmá rí tó.

Cicely Saunders, nọ́ọ̀sì tó di dókítà, tó dá St Christopher's, hospice tó ń tọ́jú àwọn tí ikú ti sún mọ́, sílẹ̀ ní London ní 1967, máa ń tẹnu mọ́ ọn pé ìrora ẹni tí àìsàn rẹ̀ ti le dé góńgó kì í ṣe ti ara nìkan; ti ọkàn, ti ẹbí àti ti ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Ìwé owó àjọ tí màmá ń gbà lọ́jà ló jẹ́ kí èyí yé mi. Àwọn òru kan wà tí mọ́fíìnì kò ran màmá mọ́, nọ́ọ̀sì bá béèrè ohun tó wà lọ́kàn wọn. Màmá ni ìyá alájọ láàárín àwọn ọ̀rẹ́ wọn lọ́jà, owó obìnrin mọ́kànlá wà lọ́wọ́ wọn, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n kí wọ́n má lọ jẹ gbèsè wọ ilẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, a gbé ìwé náà wá síwájú wọn, a ka orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì san owó náà lójú wọn. Lóru ọjọ́ náà, wọ́n sùn di ìdájí.

Mo ní ẹ̀sùn lọ́rùn àwọn onítọ̀ọ́jú náà. Wọn kì í wá lóru, fóònù nìkan ni, ìgbà mìíràn kò sì sí ẹni tí yóò gbé e. Ibì kan ṣoṣo ni a ti ń rí mọ́fíìnì rà. Ó tán níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, odindi ọjọ́ kan ni a fi wá a kiri. Àpò wa náà ni gbogbo owó ti jáde.

Síbẹ̀, ẹni tó bá ní aláìsàn líle nílé, kó béèrè fún wọn láti ọjọ́ tí àyẹ̀wò bá ti jáde. Ìtọ́jú ti hospice ni ó wà fún ìgbà tí a kò lépa ìwòsàn mọ́. Ìtọ́jú ìdẹ̀rùn lè bá oògùn jẹjẹrẹ rìn pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi kò mọ ìyàtọ̀ yìí tẹ́lẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, màmá kò jẹun mọ́, a sì ń fipá fi ògì sí wọn lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì gba ṣíbí lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́, ó ní ara wọn kò béèrè oúnjẹ mọ́, ó sì kọ́ mi bí mo ṣe máa fi òwú tútù pa ètè wọn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nọ́ọ̀sì náà padà wá gba mọ́fíìnì tó ṣẹ́kù. Bàbá wa, tí kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà, ní kó jókòó, wọ́n sì jọ wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.