Háàdì dísíìkì, Syncthing, Google Drive àbí NAS: èwo ló yẹ kẹ́ ẹ náwó lé láti tọ́jú orin kó má sọnù, kó sì wà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà ilé?

Tó bá jẹ́ orin tó wà káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì ló pọ̀ lọ́wọ́ yín, ọ̀rọ̀ yìí ò le, tó bá sọnù ẹ máa tún rí i. Àmọ́ ilé púpọ̀ n'Ílọrin ló ní dadakúàdà àti wákà tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú agbo ìnáwó, tí wọ́n wá ti inú kásẹ́ẹ̀tì kó sórí kọ̀ǹpútà, kò sí níbòmíì, tó bá lọ ó lọ nìyẹn. Torí irú ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí.

Háàdì dísíìkì alágbèéká lọ́pọ̀ èèyàn ń rà. 1TB ti tó: orin ogún ìṣẹ́jú tó jẹ́ MP3 320kbps, nǹkan bíi 48MB ni, 1TB á gbà ju 20,000 irú ẹ̀ lọ. Windows á kọ 931GB, wọn ò rẹ́ yín jẹ, bó ṣe ń kà á nìyẹn. Ẹ ra kékeré tó ń gba iná látara okùn USB, ẹ má ra ńlá tó nílò sọ́kẹ́ẹ̀tì tiẹ̀, torí tí iná bá lọ níbi tẹ́ ẹ ti ń kó orin lọ́wọ́, láptọ́ọ̀pù á ṣì wà lórí bátìrì, dísíìkì ńlá ti kú, fáìlì tó ń kọ lọ́wọ́ sì lè bàjẹ́. Tí Mac bá wà nílé, ẹ fọ́máàtì ẹ̀ sí exFAT, torí Mac á ka NTFS tí Windows ń lò, àmọ́ kò ní lè kọ nǹkan sí i. Ẹ wá jọ̀ọ́, tí wọ́n bá ní 16TB rèé lówó pọ́ọ́kú, ẹ sá! Wọ́n ti tún un ṣe kó máa pe ara ẹ̀ ní 16TB ni, ẹ máa rí orúkọ orin níbẹ̀, orin ò ní sí nínú ẹ̀. Ẹ bá ẹni tó tà á ní Unity n'Ílọrin sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ẹ lè dá a padà, kẹ́ ẹ wá fi ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ H2testw dán an wò nílé, ọ̀fẹ́ ni, á kọ nǹkan kún dísíìkì náà, á sì kà á padà, ó lè gba wákàtí mélòó kan.

Àléébù dísíìkì ni pé ẹ̀yin lẹ máa máa kó orin fúnra yín, tó bá yá ẹ ò ní mọ èyí tó tuntun jù.

Syncthing, ètò kọ̀ǹpútà tó ń mú kí fódà kan náà wà lórí kọ̀ǹpútà púpọ̀, ni mo fẹ́ràn jù. Kò gba kọ́bọ̀, ó wà fún Windows, Mac àti Linux, ẹ yan fódà orin lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọra wọn, orin tuntun tí ẹnì kan bá fi sí tiẹ̀ á dé orí tàwọn yòókù lórí WiFi ilé láì jẹ dátà. Àwọn kọ̀ǹpútà náà gbọ́dọ̀ wà ní títàn lẹ́ẹ̀kan náà o. Ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí: tí ọmọ kan bá dìlíìtì fódà lórí tiẹ̀, á pa rẹ́ lórí gbogbo wọn. Ẹ tan File Versioning lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, kí èyí tí wọ́n pa rẹ́ lè máa lọ sí fódà ọ̀tọ̀.

Google Drive, tó ń bá èèyàn tọ́jú fáìlì sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ń fúnni ní 15GB lọ́fẹ̀ẹ́, Gmail àti fọ́tò yín sì ń jẹ nínú ẹ̀. Dropbox, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, 2GB péré. Ẹ tún ṣírò dátà: orin 100GB, kọ̀ǹpútà mẹ́ta, 100GB láti gbé e sókè, 200GB kó tó dé orí méjì yòókù. Ta ló fẹ́ ra 300GB torí orin tó ti wà nínú ilé? Ti Dropbox sàn díẹ̀, torí àwọn kọ̀ǹpútà tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà lè gbà á lọ́wọ́ ara wọn.

NAS, àpótí tó ń gba dísíìkì sínú, tí gbogbo kọ̀ǹpútà ilé ń kó nǹkan sí lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bíi ti Synology, dáa. Àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn kì í bá dísíìkì wá, ó sì fẹ́ iná tó dúró, tí ò bá sí sólà tàbí ínfátà nílé, ẹ má dá a láṣà. RAID 1 inú ẹ̀, tó ń kọ nǹkan kan náà sórí dísíìkì méjì, dísíìkì tó bá kú ló ń gbani lọ́wọ́ ẹ̀, kì í gbani lọ́wọ́ ẹni tó dìlíìtì.

Tèmi ni pé kẹ́ ẹ ra dísíìkì 1TB kékeré méjì, kí Syncthing máa ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ẹ fi dísíìkì kan sílé, kí ìkejì wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín ní Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, ẹ máa pààrọ̀ wọn tí wọ́n bá wálé ọdún. Ẹ jẹ́ kí fódà orin wà ní ojú kan náà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà, torí playlist M3U, ìyẹn fáìlì tó ń to orin tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́, sábà máa ń kọ ibi tí orin wà sínú ara ẹ̀, tó bá jẹ́ D: lórí ti bàbá, tó jẹ́ C: lórí ti ìyá, orin á wà níbẹ̀, playlist ò ní rí i.