Aṣọ àti Bàtà Ìsáré fún Òjò Ìgbà Òtútù: Ohun tí Mo Rà ní Manchester àti Bó Ṣe Rí Lára Mi

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù kọkànlá, mo wọ aṣọ òjò ìsáré kan tí mo ra ní 140 pọ́n-ùn, mo fa síìpù rẹ̀ dé ọ̀fun, mo sì sáré kìlómítà 12 lẹ́bàá odò Mersey, láti Chorlton lọ sí Didsbury àti padà. Òjò winniwinni ń rọ̀, ojú ọjọ́ kò ju ìwọ̀n 5 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ bọ̀ láti ojú odò. Nígbà tí mo fi máa délé, eyín mi ń gbá ara wọn, ìka mi kò sì lè yí kọ́kọ́rọ́ nínú ilẹ̀kùn mọ́. Aládùúgbò mi ló bá mi ṣí i. Mo bọ́ aṣọ òjò náà, mo yí inú rẹ̀ síta, mo fara balẹ̀ wá ibi tí òjò ti gbà wọlé, ṣùgbọ́n n kò rí ibì kankan. Ẹ̀wù òwú tí mo wọ̀ sábẹ́ rẹ̀ ni mo wá fún sínú síǹkì, omi tó jáde lára rẹ̀ sì tó kún ife tíì kan. Òógùn mi ni púpọ̀ jù lọ nínú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti yí ọ̀nà tí mo ń gbà náwó sórí aṣọ ìsáré padà. Fún ẹni tó ń sáré nínú òjò àti òtútù, aṣọ tó kan ara gan-an ṣe pàtàkì ju aṣọ òjò tó bò ó lọ, nítorí pé kò sí bí ènìyàn ṣe máa fi wákàtí kan sáré nínú irú ojú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ tí aṣọ rẹ̀ kò ní rin. Bí kì í bá ṣe òjò ló rin ín, òógùn ni. Ohun tí owó lè rà fún wa ni pé kí aṣọ rin, kí ara sì máa móoru síbẹ̀. Àwa tí a dàgbà sí Ìbàdàn mọ òjò dáadáa, ṣùgbọ́n inú ooru ni òjò tiwa ti máa ń rọ̀. Ènìyàn lè fi síńgílẹ́ẹ̀tì òwú sáré nínú rẹ̀ kó sì rẹ́rìn-ín wọlé. Òjò Manchester kò lágbára tó o, àmọ́ ó máa ń pẹ́, òtútù ló sì máa ń bá rìn. Omi ń gba ooru lára ènìyàn ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbà á lọ, ìdí sì nìyẹn tí ẹ̀wù tó rin, tó lẹ̀ mọ́ àyà àti ẹ̀yìn, fi ń mú ènìyàn gbọ̀n bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ òjò rẹ̀ kò jò.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọ̀tẹ́lẹ̀ náà. Òwú máa ń fa omi mu bí fóòmù, á dì í mú, kì í sì í tètè gbẹ. Póliẹ́sítà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fa omi sínú okùn rẹ̀ rárá. Ńṣe ni òógùn ń gba ojú rẹ̀ tàn kálẹ̀, tó sì ń gbẹ kúrò níbẹ̀. Irun àgùntàn tí wọ́n ń pè ní merino kò jọ èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì, torí pé okùn rẹ̀ lè gba omi tó sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo rẹ̀ kí ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n lára pé ó rin, bó bá sì rin tán, ó ṣì ń pa ooru mọ́. Mo ra èyí tó ní apá gígùn nínú méjèèjì kí n lè fi wọ́n wéra. Merino náà jẹ́ 55 pọ́n-ùn, ó fẹ́lẹ́, gíráàmù 150 sì ni ìwúwo aṣọ rẹ̀ ní mítà kan níbùú lóròó. Póliẹ́sítà jẹ́ 18 pọ́n-ùn péré.

Merino ló gba ọkàn mi. Bí mo bá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ó máa ń yún mi díẹ̀ lọ́rùn fún ìṣẹ́jú bíi méjì, lẹ́yìn náà n kì í rántí pé mo wọ nǹkan kan mọ́. Ní ọjọ́ tí òjò bá mi lójú ọ̀nà láìsí aṣọ òjò, apá mi rin pátápátá, síbẹ̀ àyà mi kò tutù. Mo lè wọ̀ ọ́ nígbà mẹ́ta kí n tó fọ̀ ọ́, kò sì ní rùn, nígbà tí póliẹ́sítà kì í dúró de ìgbà kejì. Àléébù rẹ̀ kò kéré ṣá. Ó máa ń pẹ́ kó tó gbẹ, àti pé kí ìgbà òtútù kan tó parí, okùn àpò ẹ̀yìn tí mo máa ń gbé ti lu ihò méjì sí i léjìká. Ẹni tó bá máa ń gbé àpò lọ síbi iṣẹ́ bó ṣe ń sáré, póliẹ́sítà ni kó rà, kó sì máa fọ̀ ọ́ ní gbogbo ìgbà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan wà tí a jọ ń sáré, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti lé ní ogún ọdún ní ìlú yìí. Òun ló kọ́ mi ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi nínú ilé ìtajà. A dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo ti di ara mi bí ẹ̀kọ, ó wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní, “Àbúrò, ṣé ara rẹ ti móoru?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n.” Ó ní, “Ó dára, wọlé lọ bọ́ ọ̀kan sílẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti móoru kó tó gbéra, òógùn ni yóò fi wẹ̀ lójú ọ̀nà.” Ó yẹ kí òtútù mú ènìyàn díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sáré ń tẹ̀ lé náà nìyẹn: kí ènìyàn múra bí ẹni pé ojú ọjọ́ fi ìwọ̀n bíi 10 móoru ju bó ṣe rí gan-an lọ. Bó bá jẹ́ 5, kí a múra fún 15.

Ní ti aṣọ òjò, ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba owó jù lọ́wọ́ ẹni. Ìwé tí wọ́n so mọ́ ọrùn tèmi ní 10,000 mílímítà. Ohun tí nọ́ńbà yẹn túmọ̀ sí ni pé wọ́n gbé omi tó ga tó mítà 10 dúró lórí aṣọ náà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò, èyí sì ju ohun tí òjò winniwinni máa ṣe fún ẹnikẹ́ni lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ Bob Gore, ará Amẹ́ríkà, ló wà nídìí Gore-Tex, ìyẹn aṣọ tí omi òjò kì í wọ̀ ṣùgbọ́n tí oru ara lè gbà jáde, àti púpọ̀ nínú irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1969 ló rí i pé bí wọ́n bá já PTFE fà lójijì, ohun kan náà tí wọ́n fi ń bo ojú páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, yóò di awọ fẹ́lẹ́ tó kún fún ihò tín-tìn-tín. Omi òjò kò lè gba inú àwọn ihò náà wọlé, ṣùgbọ́n oru ara lè gba ibẹ̀ jáde. Ohun tí ẹni tó ta tèmi fún mi kò sọ ni pé oru yẹn ní ìwọ̀n tó lè jáde láàárín wákàtí kan. Ẹni tó ń rìn kò ní kọjá ìwọ̀n náà. Ẹni tó ń sáré gun òkè yóò kọjá rẹ̀, èyí tó ṣẹ́ kù á sì di omi sínú aṣọ.

Nítorí náà, n kì í wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára aṣọ tán kí n tó wo bí wọ́n ṣe rán an. Síìpù abẹ́ abíyá wúlò ju nọ́ńbà èyíkéyìí lọ. Kí ẹ yí inú aṣọ síta láti wò ó bóyá wọ́n fi tẹ́ẹ̀pù lẹ gbogbo ojú rírán, nítorí ibi tí abẹ́rẹ́ bá ti gbà ni omi náà máa ń gbà. Kí ẹ wọ̀ ọ́ nínú ilé ìtajà, kí ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kí ẹ wò ó bóyá ìdí aṣọ náà fò kúrò lórí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ìdí. Kí ẹ dé ìborí rẹ̀, kí ẹ yí orí sápá òsì bí ẹni tó fẹ́ wo ọkọ̀: bí ojú yín bá wọ inú aṣọ, tí orí yí ṣùgbọ́n ìborí kò bá a yí, ẹ dá a padà. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Ọ̀nà márosẹ̀ ni a ń sọdá. Àwọn tó ń lọ sáré lórí òkè, bíi ti Peak District tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, kò ní yàn rárá, torí pé ẹgbẹ́ àwọn tó ń sáré orí òkè nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn Fell Runners Association, ka aṣọ òjò tó ní ìborí, tí wọ́n sì fi tẹ́ẹ̀pù lẹ ojú rírán rẹ̀, mọ́ ohun ìdáàbòbò tí eléré gbọ́dọ̀ ní. Ní ìgboro, mo ti rí i pé aṣọ nílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́ tó ń dá afẹ́fẹ́ dúró, tí mo ra ní 35 pọ́n-ùn, ló ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ó máa ń jò bí òjò bá pọ̀, àmọ́ ooru kì í há mọ́ mi nínú rẹ̀, bí mo bá sì ká a, ó wọ àpò ṣòkòtò.

Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé aṣọ òjò àwọn ti bàjẹ́ nígbà tó jẹ́ pé ńṣe ló dọ̀tí. Bí aṣọ náà bá ṣì tuntun, omi máa ń yí lórí rẹ̀ bó ṣe ń yí lórí ewé kókò, á sì ṣàn bọ́ sílẹ̀. Bí òróró ara, ẹrẹ̀ àti ọṣẹ lásán bá ti bo ojú rẹ̀, omi á tẹ́ pẹrẹsẹ sórí rẹ̀, oru inú kò sì ní rí ọ̀nà jáde mọ́. Mo fi Nikwax Tech Wash, ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún aṣọ òjò, fọ tèmi nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, mo sì fi TX.Direct tí ilé iṣẹ́ kan náà ń ṣe tẹ̀ lé e, èyí tó ń mú kí omi tún máa yí lórí aṣọ. Nígbà tí mo bu omi ẹ̀rọ sí apá rẹ̀, ó tún ń yí. Omi olóòórùn dídùn tí a fi ń mú kí aṣọ rọ̀ kò gbọ́dọ̀ kàn án láé, kò sì gbọ́dọ̀ kan póliẹ́sítà náà.

Ọwọ́ ni òtútù ti máa ń kọ́kọ́ mú ènìyàn, pàápàá ẹni tí eré rẹ̀ kò yá. Ẹ má ṣe rò pé ẹni tí ara rẹ̀ le ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìdíje Marathon Boston ti ọdún 2018, òjò rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, afẹ́fẹ́ ń kọlù wọ́n lójú, òtútù sì lé púpọ̀ nínú àwọn gbajúmọ̀ eléré kúrò lójú ọ̀nà. Yuki Kawauchi láti Japan ló gba ipò kìíní láàárín àwọn ọkùnrin, Des Linden láti Amẹ́ríkà ló sì gbà á láàárín àwọn obìnrin. Òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀tá, ẹni eji rí leji ń pa. Ìbọ̀wọ́ irun àgùntàn fẹ́lẹ́ kan ni mo ń wọ̀, mo sì ń fi ìbọ̀wọ́ nílọ́ọ̀nù tí kò ya àwọn ìka sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bò ó. Méjèèjì jẹ́ 24 pọ́n-ùn, kọ́kọ́rọ́ mi kò sì tíì yọ mí lẹ́nu láti ìgbà náà. Fìlà tó ní ìgbátí níwájú ni kí ẹ dé sábẹ́ ìborí, kí òjò má baà máa wọ ojú.

Ní ti ẹsẹ̀, ṣòkòtò afúnmọ́ra tó nípọn kò wúlò tó bí mo ṣe rò. Bó bá rin, ó máa ń wúwo, á sì máa fà wálẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá ju 6 lọ, ṣòkòtò péńpé ni mo ń wọ̀, torí pé awọ ẹsẹ̀ máa ń tètè gbẹ ju aṣọ lọ. Èyí tó máa ń dunni ju òtútù lọ ni kí aṣọ tó rin máa ha itan àti orí ọmú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi Vaseline pa á. Òrí tí ìyá mi fi ránṣẹ́ láti Ṣakí ni èmi ń lò, a kúkú ti ń fi í pa ara nígbà ọyẹ́ láti kékeré. Òtútù máa ń mú un dì, nítorí náà ẹ fi ọwọ́ yọ́ ọ kí ẹ tó fi pa. Ó dúró fún kìlómítà 16 láìṣí.

Bàtà tí wọ́n fi Gore-Tex ṣe ni mo kábàámọ̀ jù. Ó dára fún koríko tó rin, àmọ́ ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tẹ kòtò omi tó ga dé ọrùn ẹsẹ̀, omi gba òkè wọlé, kò sì rí ibi jáde. Mo gbé e sáré délé. Bàtà tí ojú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀n ń gba omi wọlé, ó sì ń tì í jáde láàárín ìṣísẹ̀ mélòó kan. Ìbọ̀sẹ̀ irun àgùntàn ni kí ẹ wọ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ sì wo àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ dáadáa, nítorí ewé jíjẹrà tó wà lẹ́bàá odò máa ń yọ̀ bí ilá. Bí ẹ bá délé, ẹ yọ ìtẹ́lẹ̀ inú rẹ̀, ẹ fún ìwé ìròyìn mọ́ ọn nínú, ẹ pààrọ̀ ìwé náà lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ má sì ṣe gbé e lé orí ohun tó ń mú ilé móoru.

Nínú oṣù kejìlá, oòrùn máa ń wọ̀ ní Manchester kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Dúdú ni aṣọ òjò mi, mo sì kábàámọ̀ àwọ̀ náà. Mo ti ra bẹ́líìtì àyà tó máa ń tàn yanran bí iná ọkọ̀ bá kàn án, ní 9 pọ́n-ùn.

Bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Èkó, tí 100 pọ́n-ùn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, póliẹ́sítà alápá gígùn, ìbọ̀wọ́ méjèèjì, aṣọ nílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́ àti bẹ́líìtì àyà ni mo máa ní kó rà. 86 pọ́n-ùn ni gbogbo wọn. Kó máa lo bàtà tó bá ní. Aṣọ òjò 140 pọ́n-ùn náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo wọ̀ ọ́ nígbà mẹ́fà ní ìgbà òtútù tó kọjá, ní àwọn ọjọ́ tí ìjì bá òjò rìn, merino ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Tí mo bá ti dé ibi afárá, tí ara mi ti yá, mo máa ń fa síìpù rẹ̀ sílẹ̀ dé àyà kí atẹ́gùn lè wọlé.