Lẹ́sìn anatomy tí mò ń lọ ní Gwagwalada, ẹ gbọ́ tẹnu mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bi mí bóyá lẹ́sìn anatomy yẹn, ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara, dáa, ó dáa o. ₦8,000 lóṣù, Sátidé nìkan, wákàtí méjì, mo ti lo oṣù méjì níbẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, ṣe ni mo máa ń há orúkọ iṣan sórí bí oríkì ìdílé tí kì í ṣe tèmi. Sternocleidomastoid! Kí n tó dé àárín ẹ̀ ahọ́n mi á ti lọ́. Àǹtí tó ń kọ́ wa ò tiẹ̀ jẹ́ ká fẹnu kàn án lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Yorùbá, Hausa, Gbagyi, gbogbo wa la wà níbẹ̀, ó ní kí kálukú mú ọ̀rọ̀ gígùn kan wá láti ilé ẹ̀, mo mú aláìgbọràn, ó ní kí n gé e, mo rí gbọ́, mo rí ọ̀ràn, mo rí àì tó jókòó síwájú wọn. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni sternocleidomastoid ṣe rí. Sterno, eegun àárín àyà. Cleido, èyí tó dábùú láti àyà lọ sí èjìká. Mastoid, èyí tó yọ lẹ́yìn etí. Orí àwọn méjì àkọ́kọ́ ni iṣan yẹn ti gbéra, ó wá lọ so mọ́ ẹ̀yìn etí. Ó ní ká kọjú sósì ká fọwọ́ kan ọrùn wa lápá ọ̀tún, haa, ó le gbagidi lábẹ́ ìka mi bí okùn tí wọ́n fà! Látìgbà yẹn mi ò há a sórí mọ́, ọrùn mi ni mo máa ń fọwọ́ kàn.

Pípè ẹ̀ gan-an ló wá là mí lójú. Àwa Yorùbá, gbogbo sílébù ló ní ohùn tiẹ̀, dò re mí, a kì í tẹ ọ̀kan ju ìkejì lọ. Tòyìnbó ò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀kan ló máa ń wúwo jù: ster-no-clei-do-MAS-toid. Gas-troc-NE-mi-us náà, ẹran tó wú lẹ́yìn ẹsẹ̀ lábẹ́ orúnkún, "ikùn ẹsẹ̀" ni Gíríìkì pè é, ẹ wo ẹsẹ̀ yín kẹ́ ẹ rí i.

Ohun tí ò tẹ́ mi lọ́rùn: ooru yàrá yẹn pọ̀ tí NEPA bá mú iná, fọ́tókọ́pì wọn ò hàn dáadáa, àti pé wọ́n sáré kọjá levator labii superioris alaeque nasi, ilé ni mo ti wá mọ̀ pé "que" ìdí alaeque yẹn, "àti" ló túmọ̀ sí, pé iṣan yẹn ń gbé ètè òkè àti ẹ̀gbẹ́ imú sókè.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ tètè dé, àga ò tó.