Àwòṣe Orúnkún Oníke: Òkè Fíbúlà Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Àwòṣe orúnkún oníke tí wọ́n ń tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì yìí dára lójú, ṣùgbọ́n òkè fíbúlà, eegun tín-ín-rín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta ojúgun, la fi ń dán an wò. Orí fíbúlà wà níbi tó yẹ: ìsàlẹ̀ oríkèé orúnkún ló wà, kò bá eegun itan pàdé, ara tíbíà, eegun ńlá ojúgun, ló fara tì. Okùn iṣan ẹ̀gbẹ́ ìta orúnkún àti iṣan ẹ̀yìn itan tó so mọ́ ọn hàn ketekete.

Nááfù, okùn ara tó ń gbé ìmọ̀lára àti àṣẹ ọpọlọ, ló bà á jẹ́. Wọ́n fi ọ̀dà yẹ́lò fà á lẹ́yìn orí eegun, ó sì parí síbẹ̀. Nááfù peroneal gidi máa ń yí ọrùn fíbúlà ká láti ẹ̀yìn wá síwájú, awọ nìkan ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó. Ìdí nìyí tí POP (ẹfun líle tí wọ́n fi ń di eegun tó ṣẹ́) tó fún ibẹ̀ mọ́ fi lè ṣe é léṣe: aláìsàn ò ní lè gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè, á máa wọ́ ọ nílẹ̀ bó bá ń rìn, wọ́n á sì fọwọ́ kan orí ẹsẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹ fi okùn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ yí ọrùn eegun náà ká, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí ìdí tí ẹnu POP abẹ́ orúnkún fi gbọ́dọ̀ fi ìka 2 sí 3 jìnnà sí orí fíbúlà.

Wọ́n tún gé àwòṣe náà láàrin ojúgun. Ọrùn-ẹsẹ̀ tó lọ́ lè dá fíbúlà nítòsí orúnkún, X-ray ọrùn-ẹsẹ̀ nìkan ò sì ní fi í hàn. Fún ẹ̀kọ́ yẹn, ẹ ra èyí tó gùn dé àtẹ́lẹsẹ̀.