Ẹ Ṣọ́ra fún Bátì Ayédèrú tí Wọ́n Fi Téèpù Bo Etí Rẹ̀

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ tẹ́bù tẹ́níìsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sanwó bátì tí ẹ kò tíì rí etí pátákó rẹ̀, ìyẹn igi tí wọ́n ń lẹ rọ́bà mọ́. Ọ̀ǹtajà kan wà lórí WhatsApp tó ń lu àwọn èèyàn ní jìbìtì nílùú Èkó báyìí. Ó ń pe ọjà rẹ̀ ní Stiga Allround Classic, pátákó tí ilé-iṣẹ́ Stiga ń ṣe, ó ní ojúlówó ni. Ìyá ọmọ kan tó ń gbá pẹ̀lú wa ní Sùúrùlérè rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà ti lẹ rọ́bà mọ́ ọn lójú méjèèjì kó tó fi ránṣẹ́, ó sì ti fi téèpù dúdú wé etí rẹ̀ yípo. Ó ní ènì ni òun fi ìyẹn ṣe.

Ènì ọ̀hún gan-an ni gbájúẹ̀ náà. Nígbà tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a, ibì kan lójú bátì ń ta bọ́ọ̀lù jáde, ibòmíràn ń pa á kú. A bó téèpù, a ṣí rọ́bà. Pláìwúùdù tí káfíńtà fi ń kan ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù la bá níbẹ̀, ìpele mẹ́ta péré, àárín rẹ̀ ti lu ihò, wọ́n sì fi lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n pò mọ́ gọ́ọ̀mù dí i. Orúkọ tó wà lọ́wọ́ bátì, sítíkà lásán ni. Nígbà tí ìyá ọmọ yóò fi pe ọ̀ǹtajà, ó ti bulọ́ọ̀kù nọ́ńbà rẹ̀.

Owó náà dùn wá. Èyí tó dùn mí jù ni pé pátákó burúkú ti fẹ́ ba ọwọ́ ọmọ náà jẹ́. Ẹni tó ń kọ́ eré yìí nílò pátákó all-round tó jẹ́ kìkì igi, nítorí kì í yára jù, ó sì ń jẹ́ kí ọwọ́ mọ̀ ọ́n bí bọ́ọ̀lù ṣe bà á. Lórí ayédèrú, ọmọ kò lè mọ̀ bóyá ọrùn ọwọ́ òun ló yẹ̀ tàbí igi. Ó ti ń yí bó ṣe ń di bátì mú padà, bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń dì í mú tẹ́lẹ̀ ló tọ̀nà.

Ẹ wo etí pátákó dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀. Stiga Allround Classic gidi ní ìpele igi márùn-ún: èyí tó wà láàárín ló nípọn jù, méjì méjì sì wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀ tó bára mu. Igi tí àwọn ilé-iṣẹ́ Yúróòpù sábà máa ń fi sáàárín irú pátákó bẹ́ẹ̀ ni ayous, igi arère tiwa náà ni. Arère fúyẹ́. Ìdí nìyẹn tí irú pátákó yìí, láìsí rọ́bà, fi sábà máa ń wà láàárín gíráàmù 80 sí 90. Bí ó bá wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ẹ fura. Bí ẹ bá rí ìlà dúdú láàárín ìpele, ó lè má jẹ́ kìkì igi, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti fi kábọ́ọ̀nù, ìyẹn okùn tín-ín-rín tó ń mú kí bátì yára, há a láàárín. Òfin ITTF, àjọ tó ń darí tẹ́bù tẹ́níìsì lágbàáyé, gba kábọ́ọ̀nù, bí igi bá ṣáà ti kó ìdá 85 nínú 100 nínípọn pátákó, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kò nílò kábọ́ọ̀nù rárá, bó ti wù kó fẹ́ gbá bíi Aruna Quadri tó.

Irọ́ mìíràn tí ọkùnrin yìí ń pa ni pé ITTF fọwọ́ sí pátákó òun. Rọ́bà ni ITTF ń fọwọ́ sí, àmì àti nọ́ńbà rẹ̀ sì máa ń wà lára rọ́bà nítòsí ọwọ́ bátì. Wọn kò ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún pátákó. Ìràwọ̀ márùn-ún, ìràwọ̀ méje, àwọn tó ṣe bátì ló ń fún ara wọn.

Ẹ ní kó fi fídíò pátákó tó wà níhòòhò ránṣẹ́, kó gbé e sórí ìwọ̀n. Ẹ sanwó lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí i lójúkojú. Bó bá kọ̀, ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá ti rà á, kó tọ́jú ìwé ìsanwó àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ lórí WhatsApp, kó yára lọ sí báńkì, kó sì fi ẹjọ́ sun FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà. Bí bátì yín bá ń ṣe yín ní kàyéfì, ẹ gbé e wá bá wa ní Sùúrùlérè kí a jọ ṣí i. A ó bá yín lẹ rọ́bà náà mọ́ pátákó gidi bí ẹ bá rà á, a kò ní gba kọ́bọ̀.