DokuWiki ní kíláàsì ewì alohùn: ibi tó ti ṣe mí lóore, àti ibi tó ti ń yọni lẹ́nu

Gbogbo olùkọ́ tó bá ti fún akẹ́kọ̀ọ́ NCE ní iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe rí ló mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹnì kan á kọ gbogbo ẹ̀, ẹlòmíràn á san owó títẹ̀, àwọn tó kù á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi orúkọ wa sí i." Fáìlì kan náà á máa káàkiri lórí WhatsApp: "Ìjálá final," "Ìjálá final 2," "Ìjálá final ti tòótọ́." Nígbà tó bá fi máa dé orí tábìlì mi, orúkọ mẹ́jọ á ti tò síwájú ìwé, máàkì kan náà ni mo sì gbọ́dọ̀ fún gbogbo wọn, àtọ̀lẹ àtòṣìṣẹ́. Inú tó ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dé ìdí wiki, kì í ṣe pé mo fẹ́ràn kọ̀ǹpútà.

DokuWiki ni mo yàn. Ẹni tí kò bá mọ wiki, ẹ ṣáà wo Wikipedia, kí ẹ wá rò ó pé ti kíláàsì yín nìkan ni: ojú ewé tí ẹni tó bá láyè lè tún kọ, tí gbogbo àtúnṣe sì ń wà nílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣe é àti àkókò tó ṣe é. Ọgbọ́n náà ti pẹ́. Ward Cunningham ló gbé wiki àkọ́kọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 1995, Wikipedia kò sì dé títí di 2001. Andreas Gohr, ará Jámánì, ló ṣe DokuWiki ní 2004, ọ̀fẹ́ sì ni. Ohun tó mú mi yàn án láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni pé kò lo dàtábéèsì kankan. Fáìlì .txt lásán ni ojú ewé kọ̀ọ̀kan, Notepad tó wà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà Windows lè ṣí i. Ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn o. Wikispaces tí àwọn olùkọ́ káàkiri ayé ń lò láti 2005 kógbá sílé ní 2018, àwọn tó fi iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wọn pamọ́ síbẹ̀ sì ní láti sáré kó ẹrù jáde. Inú lápútọ́ọ̀pù mi ni tèmi wà. Ní ọjọ́ Ẹtì, mo máa ń da fódà náà kọ sórí fláàṣì, ó tán.

Ọmọkùnrin ICT wa ló bá mi gbé e kalẹ̀. XAMPP, ètò ọ̀fẹ́ tó ń sọ lápútọ́ọ̀pù lásán di sáfà, ló kọ́kọ́ fi sórí ẹ̀rọ, ó da fódà DokuWiki sínú htdocs, fódà tí XAMPP ti ń mú ojú ewé jáde, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ bi wá bóyá a fẹ́ kó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé ni tàbí kó jẹ́ ti ẹni tó ní orúkọ níbẹ̀ nìkan. Mo ní kó tì í pa. "Mọ́mì, ẹ rántí o, tí ẹ bá ti pa lápútọ́ọ̀pù yín, kò sí wiki mọ́ nìyẹn." Ohun tó sọ kó tó lọ nìyẹn, kò sì parọ́. Ráútà kékeré kan tí kò ní dátà rárá ló so gbogbo wa pọ̀: akẹ́kọ̀ọ́ á so fóònù mọ́ ọn, á tẹ nọ́ńbà tí mo kọ sójú pátákó, ojú ewé á ṣí. Kò sẹ́ni tó ná kọ́bọ̀. Àmọ́ àwọn fóònù Android kan gbọ́n àgbọ́njù. Tó bá ti rí i pé ráútà kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, á yọ́ kẹ́lẹ́ padà sórí dátà tirẹ̀, ẹ ó wá máa gbọ́ "Ma, kò ṣí o" láti gbogbo igun kíláàsì. Kí wọ́n ti pa dátà kí wọ́n tó wọlé. Lẹ́tà gàdàgbà ni mo fi kọ ìyẹn sójú pátákó.

Iṣẹ́ tí mo fún wọn ni pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ gba ewì alohùn ìlú wọn sílẹ̀ lẹ́nu àgbà, kí wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn, kí wọ́n sì ṣàlàyé ta ló ń ké e, ìgbà wo ni wọ́n ń ké e. Àwọn ará Ìsẹ́yìn gbé ẹkún ìyàwó, ti Iléṣà mú olele, Èkìtì mú alámọ̀, Ifẹ̀ mú àdàmọ̀, Ìkálẹ̀ mú bíríipo, àwọn ọmọ Ẹ̀gbá ní ìgbálá làwọn. Tí ẹ bá fi [[ ]] yí ọ̀rọ̀ kan ká, ó ti di ọ̀nà sí ojú ewé mìíràn nìyẹn. Bí ojú ewé ọ̀hún kò bá tíì sí, pupa ni ọ̀rọ̀ náà máa yọ. Àwọn ẹkún ìyàwó kọ [[rárà]] sínú tiwọn torí pé àwọn kan ń pè é ní rárà ìyàwó. Pupa ló wà bẹ́ẹ̀ títí ọmọ Ìbàdàn kan tí kò sí nínú ẹgbẹ́ wọn fi tẹ̀ ẹ́, tó jókòó, tó kọ ojú ewé náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi kọ́ ni mo rán an. Wọ́n tún ń gbé ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ. Tó bá ti jẹ́ mp3, ó ń dún lójú ewé níbẹ̀.

Ojú ewé ìjálá ni kí n fi ṣàpẹẹrẹ. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ báyìí: "Ìjálá ni ewì àwọn ọdẹ." Òmíràn wọlé, ó pa á rẹ́, ó kọ "Ìjálá ni ewì àwọn olùsin Ògún," ó sì kọ ìdí rẹ̀ sínú àpótí kékeré tó wà nísàlẹ̀: "Alágbẹ̀dẹ ni bàbá mi, wọ́n sì ń sun ìjálá." Ẹni àkọ́kọ́ dá a padà sí ti ọdẹ. Ọmọ alágbẹ̀dẹ tún yí i. Nígbà tí mo rí eléyìí, mo ṣí ìtàn ojú ewé náà, mo gbé ẹ̀dà méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, mo fi pírójẹ́tọ̀ tàn án sára ògiri. Àwọ̀ kan fi ohun tí wọ́n yọ hàn, àwọ̀ kejì fi ohun tí wọ́n fi kún un hàn. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Ẹnì kan bi ara rẹ̀ léèrè pé ṣé awakọ̀ náà kì í ṣe ọmọ Ògún ni. Níkẹyìn, ohun tó dúró sójú ewé ni: "Ìjálá ni ewì tí àwọn olùsin Ògún ń sun; ọdẹ ló pọ̀ jù nínú wọn, alágbẹ̀dẹ náà sì wà níbẹ̀." Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ni ní ewì alohùn, n kò rí i kí akẹ́kọ̀ọ́ jà lórí gbólóhùn kan ṣoṣo báyìí rí.

Máàkì wá kù. Mo ṣí ìtàn ojú ewé kọ̀ọ̀kan, mo wò ó lórúkọ lórúkọ. Arákùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ kì í kúrò lókè nínú iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọmọbìnrin kan tí kì í là á lẹ́nu ní kíláàsì ló fi gbogbo àmì sórí olele, òun ló tún gba ohùn sílẹ̀. Máàkì wọn kò sì dọ́gba. Wọ́n kùn, wọ́n dákẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dọ́gbọ́n sí i: ẹ ó rí ẹni tó fi kọ́mà kan sí i, tó fi pamọ́, tó tún yọ kọ́mà náà, tó tún fi pamọ́, kí orúkọ rẹ̀ lè pọ̀ nínú ìtàn. Torí náà, ẹ má ka iye ìgbà o. Ẹ ṣí àtúnṣe náà kí ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Ó ń gba àkókò, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ibi tó ti ń yọni lẹ́nu jù ni pé nígbà tí ẹnì kan bá ń tún ojú ewé kan kọ, títì ló wà fún àwọn yòókù. Ìṣẹ́jú 15 ni DokuWiki fi sí i láti ilẹ̀ wá, ẹni tó bá sì ń bá iṣẹ́ lọ lè máa tì í lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ fojú inú wo ẹni mẹ́jọ lórí ojú ewé kan láàárín wákàtí kan. Google Docs ju ibẹ̀ lọ dáadáa, gbogbo yín lè jọ máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ dátà ni yóò máa jẹ. Ohun tí mo ṣe ni pé mo gé ojú ewé ńlá sí wẹ́wẹ́: ìtàn lọ́tọ̀, olóhùn lọ́tọ̀, ewì fúnra rẹ̀ lọ́tọ̀.

Àmì ohùn náà ní wàhálà tirẹ̀, ó sì kan gbogbo ẹni tó ń tẹ Yorùbá, wiki kọ́ ló dá a sílẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù kan lè ka "ọ́" sí ọ pẹ̀lú àmì òkè, kí òmíràn kà á sí o, àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ojú kò rí ìyàtọ̀ kankan, kọ̀ǹpútà ní ọ̀rọ̀ ti yí padà. Kí gbogbo kíláàsì lo kíbọ́ọ̀dù kan náà. Gboard ni àwa ń lò.

Kò sí Yorùbá nínú àwọn èdè tí ojú DokuWiki wà. Ṣùgbọ́n ó gbà kí èèyàn kọ tirẹ̀ lé tòyìnbó lórí nínú fáìlì lang.php kékeré kan, torí náà àwọn bọ́tìnì wa ń sọ "Tún ojú ewé yìí kọ," "Fi pamọ́" àti "Àwọn ẹ̀dà àtẹ̀yìnwá." Èyí dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Àwọn kan á bi mí pé kí ló dé tí mi ò lo Wikipedia Yorùbá, tó ti wà láti 2002, tó sì ti ní àyọkà tó lé ní 30,000. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ọ̀pọ̀ àyọkà ibẹ̀ sì ń wá ẹni tó mọ àmì ohùn. Àmọ́ òfin ibẹ̀ ni pé ohun tí ẹ bá kọ gbọ́dọ̀ ti jáde níbòmíràn tí ẹ lè tọ́ka sí. Alámọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ mi gbà lẹ́nu ìyá ìyá rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, ìwé wo ni kó tọ́ka sí? Ìkejì, orúkọ tuntun mẹ́fà péré ni wọ́n ń jẹ́ kí ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì kan (IP address) forúkọ sílẹ̀ lóòjọ́, àfi tí olùkọ́ bá ti tọrọ àyè ṣáájú. Ẹni tó bá ń kọ nípa ìlú tàbí gbajúmọ̀ tí ìwé ti wà lórí wọn, kó gba ibẹ̀ lọ. Ti ẹnu àgbà, ẹ gbé e sínú DokuWiki.

Ní ti iná, ẹ wá lápútọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára, kí ẹ sì fi ráútà sórí power bank. Nínú máàkì márùn-ún, mẹ́rin ni mo fún DokuWiki. Ọ̀rọ̀ títì yẹn ló jẹ ẹyọ kan tó kù. Bí kò bá sí ọ̀dọ́ kan tó mọ XAMPP nítòsí yín, ẹ kọ́kọ́ wá a ná. Àwọn ọmọ tó ń lọ fún teaching practice ti ń bèèrè pé ṣé mo lè da gbogbo rẹ̀ kọ fún wọn láti fi kọ́ni. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ gba àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà tí ohùn wọn wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n mú fláàṣì wá.