Baba oníṣẹ́ awọ Kàbà: iṣẹ́ wọn dáa gan-an, àmọ́ ẹ dúró tì wọ́n

Ọ̀kun o gbogbo ilé. Ẹni tó bá ní gàárì àtijọ́ nílé, tàbí ìjánu, líkáfà, okùn awọ ẹṣin tí àwọn bàbá ńlá wọn fi sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka eléyìí kí ẹ tó gbé òróró lé e. Baba kan wà ní Kàbà, lọ́nà ọjà, bàtà àti báàgì ni wọ́n ń tún ṣe jù ṣùgbọ́n wọ́n mọ awọ àtijọ́ dénú, àwọn la gbé gàárì ìdílé wa fún. Àwọn àgbà ilé wa ní ó ti wà láti ayé ogun Núpé, ṣáájú 1897 tí àwọn Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò òyìnbó tó ní ọmọ ogun, gba Kàbà kọjá lọ jà ní Bídà, irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ò ṣe é fi ṣeré.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé baba ò kánjú fi nǹkan kun awọ. Wọ́n gbé etí gàárì sókè, wọ́n fi ìka ra abẹ́ rẹ̀, ìyẹ̀fun pupa bí osùn kún ọwọ́ wọn. Wọ́n ní awọ tó bá ti ń gbọn ìyẹ̀fun báyìí, omi ò gbọdọ̀ kàn án, ọṣẹ gàárì ò gbọdọ̀ kàn án, torí tó bá ti lè rin ńṣe ló máa dúdú tá á le gbagidi, kò sì ní ṣe é dá padà mọ́. Búrọ́ọ̀ṣì múlọ́múlọ́ ni wọ́n fi gbọn eruku, lẹ́yìn náà wọ́n po Klucel G, ìyẹ̀fun kan tí wọ́n fi ń mú awọ tó ń gbọn dì, tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó mọ́ spírítì, wọ́n fi pa ibi tó ń gbọn yẹn, ó dì.

Funfun kan tún wà lára ìjánu tí gbogbo wa ń pè ní èébu. Baba fẹ́ atẹ́gùn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, ó yọ́. Ọ̀rá ni! Òróró tí wọ́n ti ń dà sí i lódoọdún ló pọ̀ jù tó ń tú jáde, èébu ò ní yọ́. Ọ̀rá yẹn náà ló bá idẹ jà tí nǹkan aláwọ̀ ewé fi yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ búkù tí wọ́n fi ń de okùn awọ, igi ìtayín ni wọ́n fi ń họ ọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀, wọn ò fọ̀bẹ kàn án rárá.

Ibi tó dùn mí ni pé ọmọṣẹ́ wọn ti fi òwú náílọ̀n rán okùn kan ká tó dé, kò bi ẹnikẹ́ni. Òwú náílọ̀n lágbára ju awọ àtijọ́ lọ, ó máa ń gé e ni. Baba fúnra wọn tú u, wọ́n fi òwú gidi rán an sójú ihò àtijọ́, wọn ò gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀, àmọ́ ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ dúró tì wọ́n. Wọ́n tún máa ń pẹ́, ẹ yáa ní sùúrù. Owó wọn ò gani lára.

Ti ìpamọ́, ẹ má dì í sínú náílọ̀n o, ooru á mú un bu. Ẹ má fi kọ́ ìṣó. Ẹ fi fóòmù tí ẹ fi aṣọ òwú funfun wé sábẹ́ gàárì kó má baà wó, ẹ fi aṣọ bò ó, kó jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀. Tí ẹ bá lè rí mítà kékeré tó ń ka ọ̀rinrin inú yàrá, kó wà láàárín 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún, tó bá ti ju 65 lọ lásìkò òjò, èébu ń bọ̀ nìyẹn. Ọyẹ́ náà burú, gbígbẹ òjijì máa ń là á.

Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ kí ẹ tó gbé e lọ torí baba kì í kọ nǹkan tí wọ́n ṣe sílẹ̀, aṣọ àtijọ́ ni kí ẹ sì fi wé e. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi gun ẹṣin níbi ìwúyè ni, ẹ ra tuntun, wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ yín.